Dẹ́ẹ̀kì pákó tó ti dúdú, tí ohun tí wọ́n fi kùn ún sì ń bó: báwo la ṣe ń tún un ṣe?

Ilé_Tútù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Dẹ́ẹ̀kì pákó kan, ìyẹn pèpéle tí wọ́n fi pákó tẹ́ síta, ló wà lẹ́yìn ilé wa, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 4. Páìnì tí wọ́n ti fi oògùn sí kó má baà jẹrà ni. Apá ibi tí oòrùn ń pa ti di aláwọ̀ eérú. Apá ibi tí igi ṣíji bò ti dúdú, àwọ̀ ewé sì wà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ máa ń yọ̀ níbẹ̀ tí òjò bá ti rọ̀. Ohun dídán kan ni wọ́n fi kùn ún tẹ́lẹ̀, òun náà ti ń bó lábala-lábala. Orí ìṣó mélòó kan ti yọ sókè.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n gbé pressure washer, ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, tì í ni? Bílíìsì ńkọ́? Tó bá sì mọ́ tán, kí ni kí n fi kùn ún tí kò ní tún máa bó?

Baba_Gbẹ́nàgbẹ́nà

Kí ẹ tó bu omi sí garawa, ẹ kọ́kọ́ wọ abẹ́ dẹ́ẹ̀kì yẹn lọ. Fífọ̀ àti kíkùn kì í wo igi tó ti jẹrà sàn, ńṣe ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀ títí ẹsẹ̀ ẹnìkan á fi gba ibẹ̀ já sísàlẹ̀. Ẹ mú súkúrúdiráfà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí ẹ fi gún gbogbo ibi tí omi máa ń dúró sí: ìdí àwọn òpó, orí àwọn igi ìdábùú tó gbé pákó ró, ojú ibi tí wọ́n ti gé pákó, àti ní pàtàkì jù lọ, pákó gbọọrọ tó so dẹ́ẹ̀kì mọ́ ara ògiri ilé. Tí irin bá wọlé wẹ́rẹ́ láì sí pé ẹ fi agbára tì í, tí igi náà sì rọ̀, tó ń rún, ó ti jẹrà nìyẹn. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Pákó ara ògiri yẹn, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Bóòtì tàbí síkírù ńlá tí wọ́n dìídì ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó dì í mú. Tó bá jẹ́ ìṣó nìkan lẹ rí níbẹ̀, ẹ má tíì ronú kíkùn rárá, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dẹ́ẹ̀kì tó wó ti máa ń já. Ẹ di ìdìmú ẹ̀gbẹ́ náà mú, kí ẹ tì í síwá sẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ mì.

Orí ìṣó tó yọ, ẹ má fi òòlù gbá a padà. Ihò rẹ̀ ti fẹ̀, yóò tún yọ ni. Ẹ fà á tu, kí ẹ fi síkírù tó gùn jù ú lọ díẹ̀ sí ipò rẹ̀. Stainless, ìyẹn irin tí kì í dógùn-ún, ni kí ẹ rà, tàbí èyí tí wọ́n rì sínú síńkì gbígbóná. Oògùn tó pọ̀ jù nínú pákó òde òní ní bàbà nínú, bàbà yẹn sì máa ń mú irin lásán jẹ kíákíá.

Tádé_Omi

Ní tèmi o, pressure washer àti bílíìsì ti tó. Ẹ po bílíìsì ìdá kan mọ́ omi ìdá mẹ́ta, ẹ wọ́n ọn sórí pákó, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ ṣan án. Gbogbo dúdú yẹn á lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìyálọ́dà

@Tádé_Omi, dúdú á lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa bá a lọ. Bílíìsì máa ń jẹ lignin, ìyẹn ohun tó lẹ àwọn fọ́nrán igi pọ̀ mọ́ra. Pákó á funfun lójú, ṣùgbọ́n fọ́nrán orí rẹ̀ á dìde, ohun tí wọ́n bá sì kùn sí i lẹ́yìn náà kò ní dì mú dáadáa. Ó ń jẹ orí síkírù, ó sì ń pa òdòdó tó bá wà nítòsí.

Ibi tí bílíìsì ti wúlò ni ká fi mọ irú dúdú tó wà níbẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán kan péré sójú dúdú kan. Tó bá ṣí láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, ohun abẹ̀mí ló mú pákó yẹn bu. Tí kò bá yí padà, ìdọ̀tí ni, tàbí àbàwọ́n tí irin àti oje igi jọ dá sílẹ̀. Èyí tí irin dá sílẹ̀ ń fẹ́ oxalic acid, kò sí bí ẹ ṣe fọ̀ ọ́ tó tí ọṣẹ máa mú un kúrò.

Fún fífọ̀ gan-an, sodium percarbonate ni kí ẹ wá. Lẹ́búlẹ́bú funfun ni, òun ni wọ́n ń tà ní orúkọ oxygen bleach. Tó bá bọ́ sínú omi, ó ń di hydrogen peroxide àti sodium carbonate: ti àkọ́kọ́ ń pa ohun tó ń mú pákó bu, ìkejì ń tú ìdọ̀tí. Gíráàmù 250 sí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà 4. Lítà 8 sí 12 á tó dẹ́ẹ̀kì yín. Ìwọ̀n tí ẹ máa lò tán láàárín wákàtí mélòó kan ni kí ẹ pò, torí agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Ẹ má sì dé ìyókù pa sínú ike: afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè bẹ́ ike náà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ gbá ilẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ gbogbo ewé àti erùpẹ̀ tó há sáàárín pákó. Ẹ wọ́n omi sí àwọn òdòdó àyíká, kí ẹ tó wá fi omi rẹ pákó náà. Ẹ da èyí tí ẹ pò sí i, kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó má gbẹ. Tó bá fẹ́ gbẹ, ẹ tún wọ́n ọn díẹ̀. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì líle onírun ike ha á ní ipa ìlà igi, kí ẹ ṣan án títí omi tó ń ṣàn á fi mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì onírin kò gbọdọ̀ débẹ̀. Wáyà rẹ̀ máa ń kán sínú igi, á dógùn-ún, ẹ ó sì rí àmì dúdú kéékèèké káàkiri. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú díẹ̀ ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí.

Fọmọ́_Fọmọ́

Kò sí ohun tó burú nínú pressure washer fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lò ó ló ń ba nǹkan jẹ́. Igi páìnì àti igi cedar rọ̀. 500 sí 600 psi (ìwọ̀n agbára tí omi fi ń jáde) ti tó wọn. Igi líle lè gba tó 1,200, kò sì yẹ kó kọjá 1,500. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ló ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ wò ó bóyá tiyín ṣeé dín kù kí ẹ tó tan án. Ẹnu tó ń ya omi bí abẹ̀bẹ̀ ní 40 digíríì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ fi sí i. Èyí tó ń tu omi ṣóńṣó lójú kan á gbẹ́ ihò sí igi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, kí ẹ máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ẹ má súnmọ́ ọn ju 30 lọ. Ipa ìlà igi ni kí ọwọ́ máa bá lọ, ẹ má dúró sójú kan. Tí ẹ bá ti rí i pé orí igi ń hu fọ́nrán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù nìyẹn. Ṣíṣàn nìkan ni ẹ̀rọ wà fún. Oògùn ni kó ṣe iṣẹ́ fífọ̀.

Baba_Gbẹ́nàgbẹ́nà

@Fọmọ́_Fọmọ́, àlàyé yín yé mi, àmọ́ fún páìnì tó ti gbó, mi ò ní gbà kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò gbé e. Rọ́bà omi àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó 20 square mítà. Ẹ̀rọ yẹn tún máa ń ti omi wọnú oríkèé igi àti ẹ̀yìn pákó ara ògiri, níbi tí kì í tètè gbẹ.

Oògùn_Pákó

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn: ohun dídán tó ń bó yẹn. Tí nǹkan bá lè bó, ó túmọ̀ sí pé orí igi ló jókòó sí, kò wọnú rẹ̀. Sodium percarbonate kò ní mú un kúrò tán, tí ẹ bá sì kùn lé e lórí, tuntun á bó pẹ̀lú ògbólógbòó. Ó gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá.

Oògùn ìbọ́dà tí wọ́n ṣe fún dẹ́ẹ̀kì ni kí ẹ lò. Èyí tó lágbára nínú wọn ní sodium hydroxide. Ẹ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan ná. Ẹ kùn ún nípọn, ẹ fún un ní iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà ẹ ha á, ẹ ṣan án. Ẹ máa rí i pé igi á dúdú. Ẹ má bẹ̀rù. Bí sodium hydroxide ṣe ń ṣe sí igi nìyẹn, oxalic acid ló máa dá àwọ̀ rẹ̀ padà, tó sì máa pa agbára oògùn tó kù nínú igi. Tí ẹ bá fo acid yìí, ohun tó ṣẹ́ kù nínú igi á bá stain tuntun (ohun aláwọ̀ tí ẹ máa fi kun pákó) jà.

Oxalic acid: gíráàmù 100 sí 120 nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà 4, nínú garawa ike. Ẹ fi kun pákó tó ṣì tutù, ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí ẹ ṣan án dáadáa. Kò fi bẹ́ẹ̀ nílò híha.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn: ìbọ́dà, ẹ ṣan án, sodium percarbonate níbi tí dúdú bá ṣì kù, ẹ ṣan án, oxalic acid ló kẹ́yìn, ẹ ṣan án. Ẹ má yí i padà.

Májèlé ni oxalic acid. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, awò ìdáàbòbo ojú, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn jìnnà. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ: ẹ má po bílíìsì mọ́ acid kankan, ẹ má sì pò ó mọ́ ammonia. Afẹ́fẹ́ olóró ló máa jáde, ó sì lè pa ènìyàn.

Ilé_Tútù

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa ran yín lọ́wọ́. Mo kán bílíìsì sí i, dúdú náà ṣí lójú ẹsẹ̀. Ohun dídán yẹn sì ń dìde bí mo ṣe fi èékánná ha á. Ẹnìkan ní kí n kàn fi ẹ̀rọ sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ dànù, kí n fo oògùn ìbọ́dà. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Mi ò mọ ọdún tí wọ́n kọ́ dẹ́ẹ̀kì náà.

Ìyálọ́dà

Bí ẹ kò bá mọ ọdún rẹ̀, ẹ má fi sáńpépà kàn án. Láyé àtijọ́, oògùn tí wọ́n ń fi sí páìnì ní arsenic nínú, CCA ni wọ́n ń pè é. Ní Amẹ́ríkà, òpin ọdún 2003 ni àwọn tó ń ṣe pákó ṣíwọ́ fífi í sí èyí tí wọ́n ń lò fún ilé gbígbé. Eruku irú pákó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn fà símú, kò sì gbọdọ̀ wà nínú ilẹ̀ tí ọmọdé ń ṣeré sí. Ẹ má sun àjákù rẹ̀ níná láé. Oògùn ìbọ́dà ni kí ẹ lò.

Ẹni tó bá dá a lójú pé pákó òun jẹ́ tuntun lè fi sáńpépà ha á. Ẹ kọ́kọ́ wọ orí gbogbo síkírù sílẹ̀ tó mìlímítà 3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á fa sáńpépà ya. Nọ́ńbà 60 sí 80 ni, kò gbọdọ̀ dán ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fi 120 ha á, ojú ihò igi á dí, stain ò ní ríbi wọ̀. Ìdìmú tí ọwọ́ máa ń kàn lè gba 100. Ẹ di imú, ẹ gbá eruku kúrò pátápátá.

Tádé_Omi

Lẹ́yìn fífọ̀, ọ̀dà dẹ́ẹ̀kì tó bo igi pátá ló ń pẹ́ jù. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kó nípọn, ẹ ó simi fún ọdún 5.

Ìyálọ́dà

Mi ò fara mọ́ èyí, @Tádé_Omi. Lára ògiri, òótọ́ ni, torí omi á ṣàn kúrò. Dẹ́ẹ̀kì dùbúlẹ̀ gbalaja: omi ń dúró lé e, ọ̀rinrin tún ń gbabẹ́ igi gòkè, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tó bá bo ojú igi á há ọ̀rinrin yẹn mọ́ inú, á wú, á bó. Nígbà náà, ẹ padà sí ìbọ́dà nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí dẹ́ẹ̀kì @Ilé_Tútù lọ́wọ́ báyìí náà nìyẹn.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe yàtọ̀. Sealer tí kò ní àwọ̀ rárá ń lé omi, àmọ́ ìtànṣán oòrùn ń gbà á kọjá, torí náà pákó á padà di aláwọ̀ eérú kí ọdún tó yí po. Àwọ̀ tó wà nínú stain ló ń dá oòrùn dúró. Stain tó ń wọnú igi, tó ní àwọ̀ díẹ̀ tí ìlà igi ṣì hàn, máa ń lo ọdún 2 sí 3. Tó bá gbó, àwọ̀ rẹ̀ ló máa ń ṣí, kì í bó. Ẹ kàn fọ̀ ọ́, ẹ tún kùn ún. Ohun tí mo rò pé ẹ nílò gan-an nìyẹn: ohun tó ṣeé tún kùn láìbọ́ ohunkóhun kúrò.

Ọ̀dà tó bo igi pátá náà níṣẹ́ tirẹ̀ o. Ó dáa fún ìdìmú àti òpó, tàbí fún dẹ́ẹ̀kì tó gbó tí wọ́n ti fi pákó oríṣiríṣi lẹ̀, tí àwọ̀ wọn ò bára mu.

Oògùn_Pákó

Mo gbà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi kún un. Ọ̀pọ̀ stain olóròóró ni wọ́n fi òróró linseed ṣe, oúnjẹ sì ni òróró yẹn jẹ́ fún ohun tó ń mú igi bu. Ibi tí igi ṣíji bò yẹn á tún dúdú, àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sára agolo pé wọ́n fi oògùn tó ń pa bíbu sí i. Èyí tí wọ́n fi omi ṣe kì í tètè dúdú, ó ń yára gbẹ, ọṣẹ àti omi sì tó láti fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àbùkù tirẹ̀ ni pé kì í wọ igi jinlẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì lè bó díẹ̀díẹ̀. Fún dẹ́ẹ̀kì tó ní apá oòrùn àti apá ibòòji, olóròóró tó ní oògùn bíbu nínú ni èmi á yàn.

Rólà_Ọwọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kùn ún, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́.

Gbígbẹ: ó kéré tán, wákàtí 48 láìsí òjò lẹ́yìn tí ẹ bá ṣan án tán. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin igi, 15% sísàlẹ̀ ni kó fi hàn. Tí kò bá sí, ẹ kán omi sórí pákó níbi mẹ́rin-márùn-ún. Tó bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ lè kùn ún. Tó bá dúró roboto, bóyá ó ṣì tutù, tàbí ohun dídán yẹn ṣì kù níbẹ̀.

Ìwọ̀n: lítà kan máa ń tó nǹkan bíi 4 sí 6 square mítà lára pákó tó ti gbó. Dẹ́ẹ̀kì yín á gba lítà 4 sí 5, yàtọ̀ sí ìdìmú. Tó bá ju agolo kan lọ, ẹ da gbogbo wọn pọ̀ sínú garawa kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọ̀ agolo méjì kì í fìgbà gbogbo bára mu. Ẹ máa rò ó láti ìsàlẹ̀ bí ẹ ṣe ń kùn, ìdí agolo ni àwọ̀ máa ń rì sí.

Ojú ọjọ́: láàárín 10 àti 30 digíríì Celsius, kí oòrùn má ta sórí rẹ̀ gan-an, kí òjò má sì sí nítòsí fún ọjọ́ kan sí méjì. Pákó tó gbóná máa ń gbẹ stain lójú kí ó tó wọlé.

Pákó méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì. Ẹ má dúró láàárín pákó: ibi tí tútù bá ti pàdé gbígbẹ, ilà dúdú á hàn. Rólà lè tú u sílẹ̀, àmọ́ búrọ́ọ̀ṣì ni kó tẹ̀ lé e kíákíá láti tì í wọnú igi. Ojú ibi tí wọ́n gé pákó, ẹ fún un mu títí kò fi gbà mọ́, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọ igi jù lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì: kì í ṣe kó nípọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20, ibikíbi tó bá ṣì ń dán tàbí tó dá adágún, ẹ fi àkísà nù ún kúrò. Ohun tí igi ò bá mu máa ń jókòó lórí rẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, á sì bó. Ìkùn kejì ò pọn dandan, àyàfi tí agolo bá sọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ kun ìkejì nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì tutù, ẹ má jẹ́ kó gbẹ tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìkejì ò ní rí ọ̀nà wọlé.

Baba_Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ẹ fi àkísà yẹn sọ́kàn o. Àkísà tó mu stain olóròóró lè gbaná fúnra rẹ̀. Bí òróró náà ṣe ń gbẹ, ó ń mú ooru jáde, tí wọ́n bá sì kó àkísà jọ gègèrè, ooru ò ríbi gbà jáde. Ẹ tẹ́ wọn níkọ̀ọ̀kan síta títí wọ́n á fi gan, tàbí kí ẹ rì wọ́n sómi nínú agolo onírin tó lọ́mọrí. Ẹ má jù wọ́n sínú àpò ìdọ̀tí nínú ilé, kódà fún alẹ́ ọjọ́ kan.

Àyìnkẹ́_K

Ẹ jọ̀ọ́, tiwa jẹ́ composite, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ike àti ẹ̀rún igi ṣe. Ṣé a lè tẹ̀ lé èyí náà?

Fọmọ́_Fọmọ́

Rárá, Àǹtí. Ẹ má kun sealer sí i, kò ní wọlé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ẹ má fi sáńpépà ha á pẹ̀lú, yóò ba ojú rẹ̀ jẹ́. Dúdú tó máa ń wà lára rẹ̀, eruku àti ìyẹ̀fun òdòdó ni oúnjẹ rẹ̀, nítorí náà ẹ máa gbá a déédéé.

Ilé_Tútù

Ó yé mi yékéyéké. Ìbéèrè tó kù: ìgbà wo la lè kó àga padà? Ṣé ọdọọdún ni ká máa kùn ún?

Tádé_Omi

Ọdọọdún, kó má baà gbó.

Rólà_Ọwọ́

Ẹ má fi ọdún kà á, ìdánwò omi ni kí ẹ máa ṣe. Ẹ wọ́n omi sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bó bá ṣì ń dúró roboto, ẹ fi sílẹ̀. Kíkùn lé ohun tí kò tíì gbó máa ń kóra jọ sójú igi, á sì di ohun tó ń bó. Ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà jù, bí ẹnu ilẹ̀kùn àti orí àtẹ̀gùn, lè ṣí ṣáájú. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fọ̀, kí ẹ tún kùn, láti ìpẹ̀kun pákó dé ìpẹ̀kun rẹ̀.

Àga: ẹsẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, àga àti tábìlì lẹ́yìn 48 sí 72, àmọ́ ohun tó wà lára agolo ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìyálọ́dà

Kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú sodium percarbonate ìdajì agbára, gíráàmù 125 sí lítà 4. Ẹ gbá ewé kúrò kó má baà jẹrà lórí rẹ̀, oje ewé máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ìkòkò òdòdó, ẹ fi nǹkan gbé e sókè tó sẹ̀ǹtímítà 2 kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀. Ẹní tó ní rọ́bà lábẹ́, ẹ má tẹ́ ẹ síbẹ̀, omi máa ń há sábẹ́ rẹ̀.

Baba_Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ẹ tún gé ẹ̀ka igi tó ṣíji bo apá dúdú yẹn kí oòrùn lè ráyè débẹ̀. Tí àlàfo àárín pákó bá sì ti dí, ẹ máa là á: mìlímítà 3 sí 6 ló yẹ kó wà níbẹ̀ kí omi lè jò kọjá. Nígbà tí ẹ bá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ ya fọ́tò pákó ara ògiri yẹn kí ẹ fi sórí ìjíròrò yìí, ká bá yín wò ó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.